Kẹ̀kẹ́ Àfẹ̀yìntì: Bí Òfin Ọdún 1934 Ṣe Pààlà fún Kẹ̀kẹ́ Eré-Ìje

Ní ọjọ́ keje oṣù Agẹmọ ọdún 1933, ní pápá ìsáré kẹ̀kẹ́ Parc des Princes ní ìlú Paris, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Francis Faure gun kẹ̀kẹ́ fún wákàtí kan gbáko, ó sì rin kìlómítà 45 àti mítà 55. Àkọsílẹ̀ tí ó bá nílẹ̀ ni ti Oscar Egg, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ẹni tí ó rin kìlómítà 44 àti mítà 247 ní oṣù Ògún ọdún 1914. Odindi ọdún méjìdínlógún àti oṣù mélòó kan ni ẹnikẹ́ni kò lè fi ọwọ́ kan àkọsílẹ̀ náà. Mítà 808 tí Faure fi lé e kì í ṣe ohun tí ó yẹ kó dá ìjà sílẹ̀. Ohun tí ó fa ìjà ni ìjókòó rẹ̀. Faure kò tẹrí ba sórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ bí gbogbo eléré ti ń ṣe. Ẹ̀yìn ni ó fi ti àga, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, ó sì ń wo ọ̀kánkán bí àgbàlagbà tí ó wà lórí àga ìrọ̀gbọ̀kú lábẹ́ igi ọ̀dàn ní ìrọ̀lẹ́.

Vélo couché ni àwọn Faransé ń pe irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀. Èdè wa kò tíì ní orúkọ kan pàtó fún un. Nínú àròkọ yìí, kẹ̀kẹ́ àfẹ̀yìntì ni n ó máa pè é. Kẹ̀kẹ́ ológeere tí gbogbo wa mọ̀ ní Àjàṣẹ́, ní Kétu àti ní Ṣábẹ̀ẹ́ ni n ó sì máa pè ní kẹ̀kẹ́ olóòró. Bí òǹkàwé bá ń bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ àwọn ará Paris, kí ó wo kẹ̀kẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ń gùn nínú Tour du Bénin. Kì í ṣe pé ìmọ̀ àwọn tí ń ṣe kẹ̀kẹ́ mọ síbẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe jọra. Òfin ni ó ní kí wọ́n jọra, inú ìjà ọdún 1933 sì ni òfin náà ti jáde.

Charles Mochet, ẹni tí ó ṣe kẹ̀kẹ́ tí Faure gùn, kò ní i lọ́kàn láti bá ẹnikẹ́ni jà. Ní Puteaux, lẹ́bàá Paris, ni ó ti ń ṣe ọkọ̀ kéékèèké. Ìyàwó rẹ̀ kò fẹ́ kí ọmọ wọn, Georges, gun kẹ̀kẹ́, nítorí ó gbà pé ewu wà níbẹ̀. Ni bàbá bá kan ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kan fún ọmọ, èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kí ó tó rìn. Kò pẹ́ tí ọmọ náà fi ń sáré kọjá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n wà lórí kẹ̀kẹ́. Mochet rí i pé nǹkan kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó ṣe ti àgbà, tí ẹni méjì lè jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó sì pè é ní Vélocar. Ọjà náà tà, pàápàá ní àwọn ọdún 1930 tí owó ṣọ̀wọ́n, tí ọ̀pọ̀ ìdílé kò lè ra mọ́tò.

Àléébù kan wà lára ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin yìí: bí a bá fi eré yà á sí kọ̀rọ̀, ó máa ń fẹ́ dojú dé. Kẹ̀kẹ́ máa ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí ó bá ń yà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò lè tẹ̀. Mochet dán ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wò, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Nígbẹ̀yìn ó la Vélocar sí méjì gẹ́gẹ́ bí ẹni la obì, ó fi àga náà sílẹ̀ bí ó ti wà, ó sì gbé e ka orí táyà méjì péré. Bí kẹ̀kẹ́ àfẹ̀yìntì rẹ̀ ṣe dé nìyẹn. Àwọn mìíràn ti dán irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ wò ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni ó kọ́kọ́ gbé e dé ibi tí àwọn aláṣẹ eré kò fi lè gbójú fò ó.

Táyà kẹ̀kẹ́ náà kéré, nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 50 ní ìbú. Láti àárín táyà iwájú dé àárín ti ẹ̀yìn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 146, èyí tí ó gùn ju ti kẹ̀kẹ́ olóòró lọ dáadáa. Ibi tí pẹ́dà ń yí mọ́ fi sẹ̀ǹtímítà 12 ga ju àga lọ. A lè sún àga síwájú tàbí sẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí ẹsẹ̀ ẹni bá ti gùn tó. Mo ní kí a fi ọkàn sí ìwọ̀n wọ̀nyí, nítorí pé orí ìwọ̀n báwọ̀nyí ni àwọn aláṣẹ ti mú un.

Mochet mọ̀ pé ẹnu lè kùn ún, nítorí náà ó kọ́kọ́ kọ̀wé sí Union Cycliste Internationale, ẹgbẹ́ tí ń darí eré kẹ̀kẹ́ káàkiri ayé, tí a mọ̀ sí UCI. Èsì tí ó rí gbà ní ọdún 1932 ni pé kẹ̀kẹ́ náà kò ní ohun kan lára tí a fi kún un láti gé afẹ́fẹ́, kò sì sí ìdí láti kọ̀ ọ́. Ó wá ku ẹni tí yóò gùn ún. Àwọn ògbóǹtarìgì eléré fi kẹ̀kẹ́ náà ṣe yẹ̀yẹ́. Francis Faure gbà láti gùn ún. Benoît Faure, arákùnrin rẹ̀, lórúkọ nínú Tour de France, ṣùgbọ́n Francis fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn àgbà eléré. Èyí gan-an ni ó mú ọ̀rọ̀ náà gbóná. Bí ó bá jẹ́ ọ̀gá pátápátá ni ó ja àkọsílẹ̀ Egg gbà, wọn ì bá ní agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ ni. Nígbà tí ó jẹ́ ẹni tí àwọn ọ̀gá máa ń fi sílẹ̀ sẹ́yìn ni ó gbà á, kẹ̀kẹ́ ni gbogbo ojú yí sí.

Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, àkọsílẹ̀ Egg tún bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, orí kẹ̀kẹ́ olóòró sì ni lọ́tẹ̀ yìí: Jan van Hout, ọmọ ilẹ̀ Holland, rin kìlómítà 44 àti mítà 588, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, Maurice Richard, ọmọ Faransé, rin kìlómítà 44 àti mítà 777 ní Saint-Trond ní ilẹ̀ Belgium. Wàyí o, ta ni ó ni àkọsílẹ̀? Bí kẹ̀kẹ́ Mochet bá jẹ́ kẹ̀kẹ́, Faure ni. Bí kò bá jẹ́ kẹ̀kẹ́, Richard ni. Ìgbìmọ̀ UCI jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí ní oṣù Èrèlé ọdún 1934, àríyànjiyàn sì pọ̀. Àwọn kan ní ọjọ́ iwájú eré kẹ̀kẹ́ ni èyí, àwọn kan ní kì í ṣe kẹ̀kẹ́ rárá. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Igbe ni òfin jáde. Láti ìgbà náà lọ, kẹ̀kẹ́ eré-ìje gbọ́dọ̀ ní ibi tí pẹ́dà ń yí mọ́ láàárín sẹ̀ǹtímítà 24 sí 30 sí ilẹ̀. Imú ìjókòó kò gbọ́dọ̀ fi ju sẹ̀ǹtímítà 12 lọ wà lẹ́yìn ibẹ̀. Láti ibẹ̀ dé àárín táyà iwájú gbọ́dọ̀ wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 58 sí 75. Òfin náà kò dárúkọ Mochet. Kò sì nílò rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí ó lè fẹ̀yìn tì láàárín àwọn ìwọ̀n wọ̀nyẹn. Wọ́n fi àkọsílẹ̀ Faure sí abala ọ̀tọ̀, wọ́n sì fi ti Richard sí ipò iwájú. Ní ọdún kan náà ni Mochet kú.

Èrò mi ni pé àwọn aláṣẹ ní ìdí tí ó ṣe é gbọ́. Wọ́n fẹ́ kí eré jẹ́ ènìyàn sí ènìyàn, kí ẹni tí ó lágbára jù borí, kì í ṣe ẹni tí alágbẹ̀dẹ rẹ̀ gbọ́n jù. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti wá ewu kọ́ ni ewu wà. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Bélú ọdún 1933 kan náà, ní Parc des Princes kan náà. Marcel Berthet, tí òun àti Egg ti jọ ń du àkọsílẹ̀ yìí kí Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní tó bẹ̀rẹ̀, tún jáde wá. Ọjọ́ orí rẹ̀ ti kọjá ogójì dáadáa. Kẹ̀kẹ́ olóòró ni ó gùn, ṣùgbọ́n Marcel Riffard, onímọ̀ tí ń ya àwòrán ọkọ̀ òfurufú, ti fi èèpo fẹ́lẹ́ kan bo òun àti kẹ̀kẹ́ náà, ó rí roboto níwájú, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́yìn bí ẹja. Vélodyne ni wọ́n pè é. Berthet rin kìlómítà 49 àti mítà 992. Mítà mẹ́jọ péré ni ó kù kí ó pé àádọ́ta! Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní ọdún 1913, nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le koko, kìlómítà 43 àti mítà 775 ni ó lè rìn láìsí èèpo. Ogún ọdún ti gba agbára lára rẹ̀, síbẹ̀ èèpo fún un ní kìlómítà tí ó lé ní mẹ́fà.

Ní ọdún 1939, Georges Mochet, ọmọ tí wọ́n kan ọkọ̀ fún nígbà náà, ti dàgbà, ó sì ń bá iṣẹ́ bàbá rẹ̀ lọ. Ó fi èèpo bo kẹ̀kẹ́ àfẹ̀yìntì, Faure gùn ún ní Vincennes ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Ẹrẹ̀nà, ó sì rin kìlómítà 50 àti mítà 537. Òun ni ó kọ́kọ́ kọjá àádọ́ta láàárín wákàtí kan láìsí ohun tí ń sáré níwájú rẹ̀ láti gé afẹ́fẹ́ fún un. Bí a bá to àwọn ìṣirò wọ̀nyí jọ, a ó rí i pé ìjókòó nìkan kò fún Faure tó kìlómítà kan lórí àwọn ọ̀gá, ṣùgbọ́n èèpo fún un ní kìlómítà márùn-ún àti ààbọ̀ lórí ara rẹ̀. Òótọ́ ni pé kò bá àwọn ọ̀gá dọ́gba tẹ́lẹ̀, nítorí náà ohun tí ìjókòó fún un lè ju èyí tí ìṣirò fi hàn lọ. Síbẹ̀, afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń ti ni sẹ́yìn a di ìlọ́po mẹ́rin, iṣẹ́ tí ẹsẹ̀ ń ṣe láti borí rẹ̀ a sì di ìlọ́po mẹ́jọ. Èèpo ni òfin ì bá kàn mú, kí ó fi ìjókòó sílẹ̀.

Ohun tí òfin yìí fà ni pé fún nǹkan bí ogójì ọdún, àwọn tí ń ṣe kẹ̀kẹ́ eré-ìje kò ní ìdí láti ná owó sórí ìjókòó mìíràn. Ọdún 1984 ni Francesco Moser kọjá àádọ́ta nínú ìwé UCI, ní Mexico, lórí òkè níbi tí afẹ́fẹ́ ti fúyẹ́. Ọdún márùndínláàádọ́ta ti kọjá lẹ́yìn Faure. Àwọn tí ó jí kẹ̀kẹ́ àfẹ̀yìntì dìde ni àwọn onímọ̀ kan ní California, lára wọn Chester Kyle, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ ti wọn sílẹ̀ ní ọdún 1976. Òfin wọn kò pọ̀: kí ó jẹ́ agbára ènìyàn nìkan ni ó ń wa ọkọ̀ náà. Lónìí, àkọsílẹ̀ wákàtí kan tí Filippo Ganna ní nínú ìwé UCI láti ọdún 2022 jẹ́ kìlómítà 56 àti mítà 792. Nínú ìwé kejì, Francesco Russo rin kìlómítà 92 àti mítà 432 ní ilẹ̀ Jámánì ní ọdún 2016.

Nísinsin yìí tí kò sí òfin tí ó dí wọn lọ́wọ́, onírúurú ẹ̀yà ni ó ti jáde, wọn kò sì jọra lábẹ́ ẹni tí ó gùn wọ́n. Èyí tí ó gùn, bíi ti Mochet, tí táyà iwájú rẹ̀ wà níwájú pẹ́dà, máa ń dúró ṣinṣin lójú ọ̀nà tó tọ́. Ṣùgbọ́n ìwúwo tí ó wà lórí táyà iwájú kò pọ̀, nítorí náà ó lè yọ̀ nínú iyanrìn, ó sì nílò àyè púpọ̀ láti yí padà. Èyí tí ó kúrú, tí pẹ́dà rẹ̀ yọ síwájú kọjá táyà iwájú, a máa yà kíákíá, ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́, ṣùgbọ́n kò fẹ́ oníwàǹwára: ọwọ́ gbọ́dọ̀ rọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a máa já síhìn-ín sọ́hùn-ún, gìgísẹ̀ ẹni sì lè kan táyà nígbà tí a bá ń yà. Ẹ̀yà kẹta, tí wọ́n ń fi díje jù, lọ sílẹ̀ débi pé ẹni tí ó gùn ún lè fi ọwọ́ kan ilẹ̀. Eré rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn onímọ́tò kì í tètè rí i, èmi kò sì ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti gbé e wọ àárín ọlọ́kadà.

Gbogbo wọn pín àléébù kan. Ní orí òkè, ẹni tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́ olóòró lè dìde dúró kí ó fi gbogbo ìwúwo rẹ̀ tẹ pẹ́dà. Ẹni tí ó fẹ̀yìn tì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni nínú kòtò: kò lè gbé ìdí sókè kí kòtò kọjá lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò fi gbà á. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń tún un ṣe fi máa ń gbájú mọ́ igun tí àga fi tẹ̀ sẹ́yìn. Bí ó bá ti ń tẹ̀ sí i ni afẹ́fẹ́ ń dín kù, ṣùgbọ́n ọrùn yóò máa ro ẹni, ojú kò sì ní rí ọ̀nà dáadáa mọ́. Ọ̀pọ̀ a máa gé apá pẹ́dà kúrú kí orúnkún má baà máa gòkè jù. Ṣéènì náà jẹ́ ìṣòro, nítorí ó máa ń gùn tó ti kẹ̀kẹ́ olóòró méjì ààbọ̀ tàbí mẹ́ta, ó sì nílò àgbá kékeré kan lábẹ́ àga tí yóò máa tọ́ ọ sọ́nà. Bí àgbá náà bá wọ́, agbára ẹsẹ̀ á máa ṣòfò síbẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mọ iṣẹ́ wẹ́dà lè fi egungun kẹ̀kẹ́ àlòkù méjì àti ṣéènì mẹ́ta dán an wò. Kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí ó gùn, kí ó má jẹ́ kí àga lọ sílẹ̀ jù, kí ó sì rí i dájú pé bíréèkì ẹ̀yìn mú dáadáa, nítorí pé táyà ẹ̀yìn ni ó ń ru èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìwúwo lára ẹ̀yà yìí.