Aṣọ Abẹ́ Títì

Ẹni tí mọ́tò rẹ̀ bá ti rì sínú ẹrẹ̀ rí lójú ọ̀nà oko ní agbègbè Ìlá-Ọ̀ràngún mọ ohun tí awakọ̀ máa ń ṣe. Á sọ̀kalẹ̀, á gé imọ̀ ọ̀pẹ, á tẹ́ ẹ síwájú táyà. Ohun tí àwọn ẹnjiníà ń pè ní geotextile kò jìnnà síyẹn: aṣọ tí wọ́n ń tẹ́ sáàárín ẹrẹ̀ àti òkúta títì, kí òkúta má baà rì, kí ẹrẹ̀ má sì gòkè. Ẹ rántí asẹ́ ògì: omi ń kọjá, èérí ń dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni aṣọ yìí ṣe ń jẹ́ kí omi jáde, tó sì ń dá iyẹ̀pẹ̀ dúró.

Òwú ni wọ́n kọ́kọ́ dán wò. Lọ́dún 1926, àwọn tó ń ṣe títì ní South Carolina, ní Amẹ́ríkà, tẹ́ aṣọ òwú, wọ́n da ọ̀dà gbígbóná lé e. Títì náà kò tètè sán, àmọ́ òwú ni òwú ń jẹ́: ó jẹrà nígbẹ̀yìn.

Ibẹ̀ ni ike ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Òkun ya bo ilẹ̀ Netherlands ní 1953, ó pa èèyàn tó lé ní 1,800. Nínú iṣẹ́ ìdènà omi tó tẹ̀ lé e, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo aṣọ tí wọ́n fi fọ́nrán ike hun. Ní 1958, wọ́n tẹ́ irú rẹ̀ sábẹ́ búlọ́ọ̀kù etí òkun ní Florida. Ní 1977 ni J.P. Giroud fún un lórúkọ tó ń jẹ́ dòní. Kò jẹrà. Ohun tí wọ́n fi ń yìn ín níbẹ̀ la fi ń bú ìgò tó dí gọ́tà wa.

Polyester ni ìgò omi àti ti ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á lọ̀ ọ́ wẹ́wẹ́, wọ́n á yọ́ ọ nínú ooru tó tó 260 lórí òṣùwọ̀n Celsius, wọ́n á tì í gba ojú ihò tín-ín-tín bíi ti ajere. Fọ́nrán tó bá jáde, wọ́n á gé e, wọ́n á gbọ̀n ọ́n bí òwú. Kò sí òfì, kò sí ọ̀kọ̀: abẹ́rẹ́ ẹlẹ́gùn-ún rẹpẹtẹ ni wọ́n fi ń gún un títí á fi wé mọ́ra. Ọ̀rá pure water kò lè bá a lọ o; ike mìíràn ni. Sìmẹ́ńtì tí kò tíì gbẹ sì máa ń jẹ polyester, torí náà kì í ṣe ibi gbogbo ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí.

Àwa tí a ń kọ ètò kọ̀ǹpútà jẹun, Wecyclers ló jẹ́ ká rí àyè tiwa níbẹ̀. Bilikiss Adébíyìí-Abíọ́lá, tó kẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà bíi tiwa, wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ní Èkó ní 2012. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi ń kó ìgò lójúlé; wọ́n á wọ̀n ọ́n, ẹni tó ni ín á gba máàkì lórí fóònù, máàkì á di ẹ̀bùn. Àtẹ̀jíṣẹ́ lásán ni. Àmọ́ ó yanjú ohun tó le jù: ìgò tí wọ́n ti ṣà sọ́tọ̀, tó sì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní Ìlá, Òkè-Ìlá àti Ọ̀rà, àgbàrá kì í fi ẹ̀gbẹ́ títì sílẹ̀. Ẹ̀rọ abẹ́rẹ́, owó ńlá ni, a ò ní tan ara wa. Ìgò ìlú kan ò lè bọ́ ọ yó. Ṣùgbọ́n ìgò Ìlá lè bá ti Òṣogbo àti ti Òmù-Àrán pàdé. A ti kọ ètò kékeré kan fún un. Ohun tó kù ni ẹni tó máa gbà wá láyè ká gbé ìwọ̀n kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà.