James Africanus Horton: Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tó fi ìwé sáyẹ́ǹsì dá àwọn tó ń tàbùkù Áfíríkà lóhùn

Lọ́dún 1859, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wá láti Sierra Leone gbé ìwé kan síwájú àwọn olùkọ́ rẹ̀ ní Fásitì Edinburgh, ní Scotland. Ẹni ọdún 24 ni. Ìwé náà ni wọ́n máa kà kí wọ́n tó fún un ní oyè dókítà. Ohun tó dá lé lórí ni ilẹ̀, ojú ọjọ́, àìsàn àti ewéko ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà.

James Beale Horton ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n lára ìwé yìí, orúkọ tuntun kan wọ àárín orúkọ rẹ̀: Africanus. Ẹni tó bá ṣí i kò tún ní máa bèèrè ibi tí òǹkọ̀wé náà ti wá.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí kì í ṣe àṣejù. Lásìkò náà, àwọn òyìnbó ajẹ́lẹ̀, oníṣòwò àti dókítà inú ọkọ̀ ojú omi ló sábà máa ń kọ̀wé nípa àìsàn ilẹ̀ wa. Sàréè òyìnbó ni wọ́n ń pe etíkun náà. Ohun tí wọ́n bá kọ nípa wa ni ìjọba ní London ń kà, òun náà ni wọ́n sì ń tẹ̀lé.

Ta ló rán an lọ sílé ẹ̀kọ́?

Abúlé Gloucester, lórí òkè tó wà nítòsí Freetown, ni wọ́n ti bí Horton lọ́dún 1835. Ọmọ Igbo tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú ni bàbá rẹ̀, iṣẹ́ káfíńtà ló sì ń ṣe. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọ CMS ni ọmọ náà lọ, ó sì ti wà ní Fourah Bay, níbi tó ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn, nígbà tí ọ̀nà rẹ̀ yí padà.

Ibà ló yí i padà. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti dókítà wọn ń kú bí ẹni kú fún eré ní etíkun wa. Iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ogun ní London wá rò ó pé bí wọ́n bá kọ́ ọmọ Áfíríkà ní ìṣègùn, ara rẹ̀ á gba ooru àti àìsàn ibẹ̀. Lọ́dún 1855, wọ́n mú ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta nípasẹ̀ CMS, wọ́n sì kó wọn lọ sí King's College ní London: Horton, Samuel Campbell àti William Broughton Davies.

Davies, ọmọ wa ni. Yorùbá ni àwọn òbí rẹ̀, lára àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú tí wọ́n sì dó sí Sierra Leone. Àkú ni wọ́n ń pe irú wọn níbẹ̀, nítorí "ẹ kú" tí a máa ń fi kí ara wa. Àìsàn kò jẹ́ kí Campbell parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó padà sílé, ó sì kú. Davies gba oyè dókítà lọ́dún 1858, ọdún kan ṣáájú Horton. Síbẹ̀ òkìkí Horton ju tirẹ̀ lọ lónìí, ó sì dá mi lójú pé ìwé ló fà á.

Kí ló kọ́ yàtọ̀ sí ìṣègùn?

Nílé, ẹni tó bá fẹ́ jábọ̀ fún àgbà, ìkíni ló máa fi bẹ̀rẹ̀, á pa òwe lé e, ọ̀rọ̀ gan-an á wá tẹ̀lé e. Ọjọ́ orí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ìwà rẹ̀ ló ń jẹ́ ká gbà á gbọ́. Àkọsílẹ̀ sáyẹ́ǹsì kò rí bẹ́ẹ̀. Sọ ohun tí o rí. Sọ ibi tí o ti rí i àti ọjọ́ tí o rí i. Bó bá ṣeé wọ̀n, wọ̀n ọ́n. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí o tó sọ èrò tìrẹ, kí ẹlòmíì lè lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹni tó bá ti ṣe IT nílé ẹ̀kọ́ gíga ní Nàìjíríà mọ irú wàhálà yìí: ìwé tí a máa ń kọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ sí, tí ọ̀pọ̀ wa jókòó kọ lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Nígbà tí Fásitì Nsukka bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1960, ó sọ ọ́ di dandan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì náà láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn fásitì yòókù tẹ̀lé e. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló gbà pé iṣẹ́ àfikún lásán ni.

Nínú ìwé Horton, ẹ lè rí bí iṣẹ́ náà ṣe ń mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tó kọ ti ọdún 1859, ó ti tó ọdún mẹ́rin tó ti kúrò nílé. Ó padà wá bíi dókítà ọmọ ogun, wọ́n gbé e kiri Gold Coast, tó di Gánà lónìí, àti Gambia. Nígbà tó di ọdún 1867, ó gbé ìwé ńlá kan jáde lórí ojú ọjọ́ etíkun náà àti ìlera àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Ooru, òjò, irú ilẹ̀, omi tó dúró sójú kan, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Lọ́dún 1868, ó tún kọ ti sòbìà.

Ó ṣàṣìṣe o. Bíi ọ̀pọ̀ dókítà ìgbà náà, ó gbà pé afẹ́fẹ́ burúkú tó ń jáde láti inú irà ló ń fa ibà. Ọdún 1897 ni Ronald Ross tó rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn. Ṣùgbọ́n Horton ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí wọ́n fa omi irà gbẹ, kí wọ́n sì kọ́lé sórí ilẹ̀ gíga. Ohun tó rí kò yẹ̀, àlàyé rẹ̀ ni kò pé.

Lẹ́tà tí wọ́n kọ̀

Lọ́dún 1861, Horton kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ogun. Ó ní kí wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn sílẹ̀ ní Freetown, kí wọ́n máa mú àwọn ọmọ tó mọ̀wé láti ilé ẹ̀kọ́ ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé òye rẹ̀ kò tó. Àmọ́ ọwọ́ àwọn òyìnbó dókítà tó wà ní etíkun ni iléeṣẹ́ náà ti bèèrè ìmọ̀ràn, wọ́n sì ta ko ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà kú sí.

Èmi rò pé ìjákulẹ̀ yìí kọ́ ọ ní ohun tí kò sí nínú ìwé olùkọ́ kankan. Lẹ́tà tó lọ sí ọ́fíìsì, àwọn tó wà ní ọ́fíìsì nìkan ló ń kà á, àwọn náà ló sì ń dájọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà, ìwé tí gbogbo ayé lè rà ló ń kọ.

Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni West African Countries and Peoples, tó jáde lọ́dún 1868. Ọdún márùn-ún ṣáájú rẹ̀, James Hunt, olórí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ẹ̀yà ènìyàn ní London, ti fi sáyẹ́ǹsì bojú láti sọ pé Ọlọ́run kò dá ènìyàn dúdú bá òyìnbó dọ́gba. Horton ya odidi orí ìwé kan sọ́tọ̀ fún irọ́ wọn. Kò bú wọn bí ẹni tó ń jà lọ́jà. Dókítà tó mọ ẹ̀yà ara ló fi dá wọn lóhùn. Ó ní ipò tí ènìyàn bá ara rẹ̀ ló ń mú un yàtọ̀, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ó sì rán wọn létí pé ìgbà kan wà tí àwọn ará Róòmù ka àwọn baba ńlá Gẹ̀ẹ́sì sí ará oko.

Nínú ìwé yẹn kan náà, ó to bí Fante, Accra, Sierra Leone, Lagos àti àwọn ìlú míì ṣe lè máa ṣàkóso ara wọn. Lọ́dún 1871, àwọn ọba Fante pé jọ sí Mankessim, wọ́n kọ òfin ìjọba wọn sílẹ̀, àwọn onímọ̀ ìtàn sì gbà pé èrò Horton hàn nínú rẹ̀. Àjọ Fante náà kò pẹ́. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò fara mọ́ ọn.

Horton fẹ̀yìn tì lọ́dún 1880, ó sì kú ní Freetown ní October 1883, lẹ́ni ọdún 48.

Ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn tó béèrè fún, kò fojú rí i. Àwọn Faransé dá ọ̀kan sílẹ̀ ní Dakar lọ́dún 1918. Ti Yaba tẹ̀lé e lọ́dún 1930. Nígbà tí University College bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn lọ́dún 1948, tí ẹ̀kọ́ ìṣègùn sì wà lára ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́tà Horton ti pé ọdún 87.