Ṣé Kọ̀ǹpútà Yìí Lè Gbé E?

Bí ẹ bá ti ra laptop tòkunbọ̀ rí, ẹ mọ ìbéèrè yìí dáadáa: ṣé ó máa gbé géèmù yìí? Géèmù fẹ́ gba 40 GB, dátà kì í ṣe ọ̀fẹ́, ẹni tó fẹ́ ta laptop fún wa sì ń nàka sí sítíkà tó wà lára rẹ̀: "i7 ni o!" Bíi pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ìbéèrè yẹn ti dàgbà ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ, ó sì ti pẹ́ gan-an tí nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára kọ̀ǹpútà àti iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ọ̀hún lè ṣe ti ń yàtọ̀ síra.

Ní 1981 ni IBM gbé PC tirẹ̀ jáde. Kò pẹ́ tí àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ní Amẹ́ríkà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kọ̀ǹpútà tó jọ ọ́, kálukú sì ń sọ pé ohun tó bá ṣiṣẹ́ lórí ti IBM á ṣiṣẹ́ lórí tòun náà. Báwo lèèyàn ṣe máa mọ òótọ́? Géèmù ni wọ́n fi ń dán an wò. Microsoft ti gbé Flight Simulator jáde ní 1982, géèmù tí a fi ń wa ọkọ̀ òfuurufú. Kì í gba ọ̀dọ̀ DOS kọjá bí àwọn ètò yòókù, ara ẹ̀rọ gan-an ló ń bá sọ̀rọ̀ tààrà. Bí ẹ̀rọ aláfijọ bá yàtọ̀ sí ti IBM níbì kan tó fara sin, ọkọ̀ ò ní gbéra. Òun àti Lotus 1-2-3, ètò ìṣirò ọ́fíìsì tó jáde ní 1983, ni wọ́n fi ń yẹ àwọn aláfijọ wò. Ẹ kíyè sí i: kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pè lẹ́jọ́ nígbà yẹn, kì í ṣe géèmù.

Doom, tí id Software gbé jáde ní oṣù kejìlá 1993, ò le tó bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà 386 tó ní RAM 4 MB lè gbé e, ó kàn máa ń wọ́ ni. Ẹni tí tirẹ̀ bá ń wọ́ á tẹ bọ́tìnì tó ń dín àwòrán kù, á máa tẹ̀ ẹ́ títí àwòrán á fi kéré bíi sítáǹbù lẹ́tà láàárín ojú kọ̀ǹpútà, á sì máa yìnbọn lọ ní tiẹ̀. Kò sí wàhálà.

Quake ló wá da nǹkan rú. Ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe é, oṣù kẹfà 1996 ló jáde. Ká tó lè mọ ohun tó ṣe, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ìṣirò díẹ̀. (A mọ̀, a mọ̀. Ẹ ṣáà ní sùúrù.) Processor, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, máa ń ṣe oríṣi ìṣirò méjì. Ọ̀kan ni ti odindi nọ́ńbà, bíi 7 àti 12. Òun ni iṣẹ́ ọ́fíìsì ń lò jù. Èkejì ni ti nọ́ńbà tó ní póìntì nínú, bíi 3.75. Doom fẹ́rẹ̀ẹ́ má lo èkejì yìí rárá. Quake ní tirẹ̀ ń ya ayé tó ní gíga, ìbú àti jíjìn ní tòótọ́, èkejì yẹn ló sì gbójú lé. Processor 486SX ò ní ẹ̀yà tó ń ṣe é, torí náà Quake ò ní ṣí lórí rẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ ti kọjá ká dín àwòrán kù.

Pentium ti Intel ní ẹ̀yà ọ̀hún, ó sì yára. Michael Abrash àti John Carmack, tí wọ́n jọ kọ kóòdù náà, mọ̀ pé bí Pentium bá ń pín nọ́ńbà oní-póìntì lọ́wọ́, ó ṣì lè máa ṣe iṣẹ́ mìíràn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọgbọ́n yẹn ni wọ́n fi kọ ọ́. Ibẹ̀ ni Cyrix ti há. Ilé iṣẹ́ kan ni ní Richardson, ní ìpínlẹ̀ Texas, tó ń ṣe processor tí owó rẹ̀ dín sí ti Intel. Wọ́n pe ọ̀kan ní 6x86 PR200+. 200 yẹn kì í ṣe iye MHz rẹ̀ o. 150 MHz ni. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé tí iṣẹ́ bá dé, á ṣe bíi Pentium oní 200 MHz. Tó bá jẹ́ lẹ́tà lẹ ń tẹ̀, tàbí owó oṣù lẹ ń ṣírò, ọ̀rọ̀ wọn ò jìnnà sí òótọ́. Ẹ wá gbé Quake lé e lórí: Pentium tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré sí tirẹ̀ á fi í sílẹ̀ sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó purọ́ fún ẹni tó rà á. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni wọ́n fi wọn ẹ̀rọ tó fẹ́ fi ṣeré. National Semiconductor ra Cyrix ní 1997. Quake nìkan kọ́ ló bá a jà, àmọ́ ó wà lára wọn.

Nígbà tó fi máa di oṣù kọkànlá 2007, Crytek ní Frankfurt, Jámánì, gbé Crysis jáde, "ṣé ó lè gbé Crysis?" sì di àwàdà tí wọ́n ń fi kí gbogbo kọ̀ǹpútà tuntun káàbọ̀. Ohun tó jẹ́ kí àwàdà náà pẹ́ ni pé àwọn tó ṣe é retí pé ọpọlọ kan ṣoṣo inú processor ni yóò máa yára sí i lọ́dọọdún. Ọjà gba ọ̀nà ibòmíràn: ọpọlọ púpọ̀ ni wọ́n ń kó sínú processor kan. Bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà tó dé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ṣì ń làágùn lábẹ́ Crysis. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní 2020, ìbéèrè yẹn gan-an ni wọ́n fi sọ orúkọ ìpele àwòrán tó ga jù.

Lọ́dún 2007 yẹn náà ni Windows Vista dé ọwọ́ aráàlú, tòun ti máàkì tó ń fún kọ̀ǹpútà, láti 1.0 dé 5.9: ti processor lọ́tọ̀, ti RAM lọ́tọ̀, ti àwòrán lọ́tọ̀, ti hard disk lọ́tọ̀. Kì í ro wọ́n pọ̀ kó wá pín in. Èyí tó kéré jù ló ń gbé síwájú bíi máàkì odindi ẹ̀rọ. Ó le, àmọ́ lójú tiwa, kò sí nọ́ńbà ilé iṣẹ́ tó sòótọ́ jù ú lọ. Mọ́tò tí táyà ẹ̀ kan jò, ẹ́ńjìnnì tó dáa ò ràn án lọ́wọ́. Microsoft yọ máàkì náà kúrò lójú ní Windows 8.1, ní 2013, ó sì ku sítíkà.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí i7 wa. i7-2620M ti 2011 ní ọpọlọ 2 péré. i3-1215U ti 2022, tí "3" rẹ̀ dà bí ẹ̀gbin lẹ́gbẹ̀ẹ́ "7", ní 6. Nítorí náà nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn dáàṣì ni kí ẹ kà. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ bọ́tìnì Windows pọ̀ mọ́ R, ẹ kọ dxdiag, kí ẹ wo abala Display. Ẹ má jẹ́ kí Approx. Total Memory tàn yín jẹ o, torí ó ti ka RAM tí káàdì àwòrán lè yá mọ́ tirẹ̀. Display Memory ni ti káàdì fúnra rẹ̀. Bí àyè bá sì wà, ẹ gbé géèmù náà dání sínú flash, kí ẹ ṣí i lójú ẹni tó ń tà á, bí wọ́n ṣe ń ṣe pẹ̀lú Flight Simulator, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.