Ajá Ìgboro, Kùmọ̀ àti Abẹ́rẹ́: Ìtàn Ìtọ́jú Ẹranko n'Ìbàdàn

Ìwé ìṣègùn tí wọ́n ń kà káàkiri àgbáyé mọ orúkọ àdúgbò Ìbàdàn méjì dáadáa: Dùgbẹ̀ àti Mọ́kọ́lá. Ọjà kọ́ ló gbé wọn débẹ̀, òṣèlú náà kọ́. Orúkọ wọn ni wọ́n fi sọ kòkòrò àrùn. Ní 1964, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Ìbàdàn rí fáírọ́ọ̀sì kan lára eégbọn tí wọ́n já lára màlúù, wọ́n pè é ní Dugbe. Ní 1968, wọ́n rí òmíràn lára asín tí wọ́n mú ní Mọ́kọ́lá, asín olóòórùn tó máa ń sá gba ìdí ògiri kọjá lálẹ́. Wọ́n pe ìyẹn ní Mokola. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, ìbátan àrùn dìgbòlugi ni wọ́n bá nínú rẹ̀.

Ní Mọ́kọ́lá yìí kan náà ni ilé ìwòsàn ẹranko ti ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà. Kò jìnnà sí Oníyanrìn. Ẹni tó bá fa ajá rẹ̀ lókùn kúrò ní Oníyanrìn láàárọ̀ á ti débẹ̀ kí oòrùn tó mú. Ọ̀nà náà kúrú lójú, ṣùgbọ́n ìtàn tó wà nínú rẹ̀ gùn.

Kí á tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn, ó yẹ kí á kọ́kọ́ mọ irú ẹranko tí à ń sọ. Ní Oníyanrìn, ní Bẹẹrẹ, ní Ọjà'ba, ní Bẹyẹrunka, agboolé ń wo agboolé lójú, òrùlé páànù ń kan òrùlé páànù. Kò sí ọgbà, kò sí géètì. Ewúrẹ́, àgùntàn, adìyẹ, ológbò àti ajá ló ń rìn gbére láàárín ilé, síbẹ̀ kò sí èyí tí kò ní ẹni tó ni ín. Ewúrẹ́ tó lọ jẹ èèpo iṣu nídìí alámàlà kò sọnù, ibi iṣẹ́ ló lọ. Àwọn àgbà a máa gé etí ẹran ní àmì kí aládùúgbò lè mọ ti ta ni. Ajá a tilẹ̀ máa ní orúkọ tó jẹ́ òwe, tí alájá fi ń bá ẹni tí wọn ò jọ ń sọ̀rọ̀ wí. Ó ń pe ajá ni, ṣùgbọ́n etí aládùúgbò ló ń bá lọ.

Ẹranko tó ní olúwa tí kò ní okùn lọ́rùn: ẹranko ìgboro Ìbàdàn nìyẹn. Ohun tó fa wàhálà tó tẹ̀ lé e ni pé àwọn tó ṣe òfin fún un kò mọ irú rẹ̀ níbi tí wọ́n ti wá.

Ibùdó ogun ni Ìbàdàn nígbà tí àwọn ọmọ ogun tẹ̀dó síbẹ̀ ní nǹkan bí 1829, ibùdó ogun kì í sì í sí láìsí ọdẹ. Ajá ọdẹ ní iye lórí. Òun ló ń gbóòórùn ẹran, òun ló ń lé e jáde, òun náà ni ìgalà tó fara gbọgbẹ́ kọ́kọ́ ń kàn níwo. Ajá tó bá farapa, ọdẹ a gbé e wálé, a fi omi gbígbóná wẹ ojú ọgbẹ́, a fi epo pupa àti ewé sí i. Síbẹ̀, ọwọ́ kan náà tó ń fi epo pa ọgbẹ́ ajá ló ń fi ajá bọ Ògún. Ẹni tó bá sọ pé ìfẹ́ ẹranko láyé àtijọ́ dà bí ìfẹ́ tí àwọn Òyìnbó ń fi pe ajá ní ọmọ, àfi kí ó tún un sọ. Ohun tó ṣiṣẹ́ fún ènìyàn ni wọ́n ń tọ́jú, wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ dáadáa nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́.

Ẹṣin ló gba ìtọ́jú jù. Ìbàdàn ní oyè Sàrùmí, olórí àwọn ẹlẹ́ṣin, ṣùgbọ́n ẹṣin kì í pẹ́ nínú igbó. Láti òkè ọya àti Ìlọrin ni wọ́n ti ń rà á wá, owó ńlá sì ni. Bó bá ti wọ ilẹ̀ igbó, eṣinṣin tí àwọn onímọ̀ ń pè ní tsetse á máa ta á, á rù, ẹ̀jẹ̀ á gbẹ lára rẹ̀, á kú. Ìdí kan nìyí tí agbára ẹlẹ́ṣin Ìlọrin fi dópin sí etí igbó, tí ogun Òṣogbo ní nǹkan bí 1840 fi yí padà sí ọwọ́ Ìbàdàn. Olóyè tó ní ẹṣin n'Ìbàdàn gbọ́dọ̀ ní ọmọ tí yóò máa gé koríko fún un, tí yóò máa dá iná èéfín sí ibùjẹ rẹ̀ kí eṣinṣin má baà sún mọ́ ọn. Bí a bá fẹ́ mọ ẹni tó kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ẹranko ní ìlú yìí, kí á wá a láàárín àwọn ọmọ ẹ̀yìn ẹṣin wọ̀nyẹn.

Ní 1893, Ìbàdàn tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Rélùwéè dé ní 1901. Òfin náà ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ọ̀rọ̀ àánú ẹranko ti pẹ́. Wọ́n ti ṣe òfin lórí ìyà jíjẹ màlúù àti ẹṣin ní 1822, wọ́n dá ẹgbẹ́ aláàánú ẹranko tó di RSPCA sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1824. Ní 1860, obìnrin kan tó ń jẹ́ Mary Tealby ṣí ilé fún ajá tí kò nílé ní Holloway. Ilé náà ló kó lọ sí Battersea, ó sì wà níbẹ̀ di òní. Ìwà àánú yìí bá àwọn amúnisìn wá sí Nàìjíríà, ó sì wọ inú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ti 1916. Abala 495 ìwé òfin náà ṣì wà nílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gúúsù: ẹni tó bá fìyà jẹ ẹranko, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn ₦50, tàbí méjèèjì. Àádọ́ta náírà! Owó yẹn kò ra ẹyin adìyẹ kan mọ́ ní Ọjà'ba, síbẹ̀ òun ni iye tí òfin bù lé ẹni tó bá da omi gbígbóná sí ajá lára.

Ṣùgbọ́n ìjọba tó kọ òfin àánú ló tún gbé ìbọn lé ajá. Wọ́n ròyìn àrùn dìgbòlugi ní Nàìjíríà láti 1912, àyẹ̀wò ilé ìwádìí sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ lára ajá ní 1925. Láti ìgbà náà ni ajá tó ń dá rìn ti di ọ̀ràn. Òfin ní kí alájá gba ìwé àṣẹ, kí ajá má rìn láìlókùn. Ajá tí kò bá ní ìwé, kí wọ́n pa á. Ọ̀jọ̀gbọ́n Saheed Aderinto, ọmọ Ìbàdàn tó ń kọ́ ni ní ìtàn ní Amẹ́ríkà, kọ odindi ìwé lórí bí ìjọba amúnisìn ṣe bá ẹranko lò ní Nàìjíríà. Ìwé náà jáde ní 2022, orí ọ̀rọ̀ dìgbòlugi àti ọ̀rọ̀ àánú ẹranko sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá kà á á rí i pé àánú àti ìbọn jọ rin ìrìn kan náà ni. Ajá Òyìnbó tó wà ní Ìyágankú ní ìwé, ó ní okùn, ó ní dókítà. Ajá Oníyanrìn ní odindi agboolé, ṣùgbọ́n kò ní ìwé, nítorí náà lójú òfin, kò ní ẹnì kankan.

A kò sì gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré, torí ìbẹ̀rù dìgbòlugi kì í ṣe ìbẹ̀rù asán. Itọ́ ajá ló ń gbé e. Láti ojú ibi tí eyín wọlé, kòkòrò náà á rọra máa gba iṣan lọ sí ọpọlọ, ó lè gba ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù. Bí àmì rẹ̀ bá ti yọ, tí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún omi, ikú ló kù. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fojú bù ú pé nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mọ́kàndínlọ́gọ́ta, ìyẹn 59,000 ènìyàn, ló ń bá a lọ lọ́dún, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ní Áfíríkà àti Éṣíà, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Nínú ọgọ́rùn-ún tó bá mú, mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ló jẹ́ pé ajá ló kó o ràn wọ́n. Ìyá tó bá fa ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn nígbà tó rí ajá tó ń da itọ́ kò ṣẹ̀.

Ohun tó jọ ni lójú ni pé ìlú tó ń fi kùmọ̀ lé ajá ló tún di ibi tí ayé ti kọ́ púpọ̀ nípa àrùn náà. Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹranko ní 1963. Láàárín àkókò kan náà ni àjọ Rockefeller ti Amẹ́ríkà bá wọn gbé ilé ìwádìí fáírọ́ọ̀sì kalẹ̀, tí Ottis Causey àti ìyàwó rẹ̀ Calista darí. Wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ màlúù, wọ́n ń dẹ pańpẹ́ fún eku, wọ́n ń mú ẹ̀fọn. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1956, àwọn olùwádìí ti rí ìbátan dìgbòlugi kan lára àdán Èkó, èyí tí wọ́n ń pè ní Lagos bat virus. Nígbà tí wọ́n wá rí ti asín Mọ́kọ́lá, ọ̀rọ̀ di ńlá, torí láàárín 1968 sí 1971, wọ́n rí kòkòrò yìí lára ọmọbìnrin kékeré méjì. Ọ̀kan yè é, èkejì kú. Títí di òní, abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi tó wà lórí àtẹ kò fi bẹ́ẹ̀ dáàbò bo ènìyàn lọ́wọ́ Mokola, wọ́n sì ti rí i lára ológbò ní Zimbabwe àti South Africa.

Ilé ìwádìí yìí náà ni Oyewale Tomori ti ṣiṣẹ́, dókítà ẹranko tó di ọ̀gá nínú ìmọ̀ fáírọ́ọ̀sì, tó sì ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí rédíò nígbà Kòrónà ni kò mọ̀ pé iṣẹ́ ẹranko ló kọ́kọ́ kọ́.

Ewúrẹ́ náà jèrè. Àrùn kan wà tó máa ń gbá ewúrẹ́ àti àgùntàn agboolé lọ lẹ́ẹ̀kan náà: imú ń dà, ẹnu ń bó, ìgbẹ́ gbuuru, láàárín ọ̀sẹ̀ kan agbo ti ṣófo. PPR ni àwọn dókítà ń pè é. Ní 1978, àjọ ìwádìí ẹran ọ̀sìn Áfíríkà tí wọ́n ń pè ní ILCA fi Ìbàdàn ṣe ibùdó iṣẹ́ lórí ẹran ọ̀sìn ilẹ̀ igbó, wọ́n sì fún ewúrẹ́ àwọn ará abúlé ní abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ àrùn màlúù tí wọ́n ń pè ní rinderpest ni wọ́n lò, torí ìbátan ni àrùn méjèèjì. Rinderpest ti tán láyé. Wọ́n kéde rẹ̀ ní 2011. PPR ṣì ń pa ewúrẹ́.

Tí ẹranko tó fara pa lónìí bá wà ní títì, kí ló kù fún un? N'Ìbàdàn, ilé ìwòsàn Mọ́kọ́lá àti ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ ti yunifásítì ni ọ̀nà tó tọ́. Ní Èkó, Dókítà Mark Ofua, dókítà ẹranko, gbé Saint Mark's Animal Rescue Foundation kalẹ̀, ó ń gba ajá tí ọkọ̀ gbá àti ẹranko igbó tí wọ́n ń tà lọ́jà. Iṣẹ́ náà kò ní idán. Wọ́n á fi aṣọ tàbí okùn di ẹnu ajá kí ó má baà bù wọ́n jẹ nínú ìrora, wọ́n á yà á sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó kù, wọ́n á fọ ọgbẹ́, wọ́n á to egungun, wọ́n á fún un ní oògùn aràn àti abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Lẹ́yìn náà ni oúnjẹ díẹ̀díẹ̀. Bó bá bu ènìyàn jẹ, ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n fi ń ṣọ́ ọ: ajá tó bá ní dìgbòlugi nígbà tó bu ni jẹ kì í sábà kọjá ìyẹn láàyè.

Ibi tí àṣà wa ti ń dí wọn lọ́wọ́ ni oògùn àdábọwọ́. Ajá tó ní kúrúnà, ọ̀pọ̀ ń fi ọ́ìlì ọkọ̀ tó ti dúdú pa á lára. Ọ́ìlì yẹn ń wọ awọ ara, ajá á tún lá a, májèlé sì ni fún un. Oògùn kúrúnà tó tọ́ wà ní ilé ìwòsàn. Bí wọ́n ṣe ń rọ epo pupa sí ajá tó jẹ májèlé lẹ́nu náà léwu, torí epo lè bá ọ̀nà èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ojú ọgbẹ́ ni àwọn ọdẹ ìjọ́sí ń fi epo sí.

Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì wá dá ajá Oníyanrìn láre níkẹyìn. Pípa ajá nìkan kì í lé dìgbòlugi kúrò ní ìlú, torí ajá mìíràn á wá gba àyè èyí tó kú. Bí wọ́n bá fún àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ajá ìlú ní abẹ́rẹ́, àrùn náà kò ní rí ibi tí yóò máa gbà lọ mọ́. Ilẹ̀ tí ajá rẹ̀ ní agboolé, tí gbogbo ọmọ àdúgbò mọ orúkọ rẹ̀, rọrùn fún irú iṣẹ́ yìí ju ilẹ̀ tí ajá rẹ̀ kò ní ẹnì kan lọ. Ẹni tó bá lè pe ajá lórúkọ lè mú un dúró kí wọ́n gún un.

Nítorí náà, ẹ̀yin alájá ní Oníyanrìn, ní Bẹẹrẹ, ní Màpó, ọjọ́ kan lọ́dún tó. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án ni ayé yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ dìgbòlugi, ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwọn dókítà ẹranko sì ń gún ajá lọ́fẹ̀ẹ́ lásìkò yẹn. Ẹ fa ajá yín lọ sí Mọ́kọ́lá. Bí ajá bá bu ọmọ jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ sì gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ajá náà ńkọ́? Ẹ dè é mọ́lẹ̀, ẹ má pa á, kí dókítà lè ṣọ́ ọ.