Láti Orí Fẹ́lẹ́lẹ́ Dé Orí Jabulani: Ojú Ìrán Ara Bọ́ọ̀lù

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni mo gbé wá lónìí, ẹ má rẹ́rìn-ín mi.

Nígbà ìsinmi Ọdún Àjíǹde kan, tí àwọn ọmọ mi ṣì kéré, mo jókòó síwájú ilé wa ní Isuada, nítòsí Ọ̀wọ̀, mò ń wo àwọn ọmọdé tó ń gbá fẹ́lẹ́lẹ́, bọ́ọ̀lù oníke fífúyẹ́ tí gbogbo yín mọ̀. Ọ̀kan nínú wọn gbá a láti òkèèrè. Ọ̀tún ló kọ́kọ́ dorí kọ. Aṣọ́lé fò síbẹ̀, bọ́ọ̀lù ṣẹ́rí sósì, ó wọlé. Èébú tí ọmọ yẹn gbà lọ́jọ́ náà kò kéré. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọdún 2010 ni mo tó mọ̀ pé kò jẹ̀bi.

Ẹ wo orúkọ bọ́ọ̀lù yẹn ná. A máa ń sọ pé àsíá ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ohun tó fúyẹ́, tí atẹ́gùn ń bá ṣeré, là ń fi ọ̀rọ̀ náà júwe. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ lajú dáadáa.

Bọ́ọ̀lù ayé àtijọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1949, àwọn agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà lọ sí ìlú Òyìnbó, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò wọ bàtà gbá a. Teslim Balogun wà níbẹ̀, ẹni tí wọ́n ń pè ní Thunder nítorí bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe le tó. Awọ tí wọ́n rán pọ̀ ni bọ́ọ̀lù ìgbà náà, rọ́bà tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí wà nínú rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, awọ á mu omi, á wúwo. Ṣùgbọ́n ojú ìrán rẹ̀ jìn, ara rẹ̀ kò dán.

Telstar dé ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 1970 ní Mexico: awẹ́ 32, dúdú 12, funfun 20. Lọ́dún 1986, awọ kúrò níbẹ̀ pátápátá. Lẹ́yìn náà ni awẹ́ ń dín kù: 14 lọ́dún 2006, 8 péré lọ́dún 2010. Wọn ò tilẹ̀ rán ti 2010 mọ́. Ooru ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Òun ni Jabulani. Ní èdè Zulu, «ẹ yọ̀» ni ìtumọ̀ rẹ̀. «-Ni» ìparí rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ «ẹ» tiwa, èèyàn púpọ̀ ló ń bá wí. Ṣùgbọ́n àwọn aṣọ́lé ò yọ̀ o. Júlio César ti Brazil fi í wé bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń tà ní súpámákẹ́ẹ̀tì. Fẹ́lẹ́lẹ́ ló ń wí, orúkọ ni kò mọ̀.

Kí ló fà á? Bí bọ́ọ̀lù bá ń lọ, atẹ́gùn díẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. Ojú ìrán á da atẹ́gùn yìí rú, á wá lẹ̀ pẹ́, á yí dé ẹ̀yìn bọ́ọ̀lù kó tó já. Bí ara rẹ̀ bá dán jù, atẹ́gùn á tètè já. Bọ́ọ̀lù tó ń pòòyì máa ń tẹ̀ sí apá kan, aṣọ́lé lè fojú bá a lọ. Èyí tí kò pòòyì ló léwu: atẹ́gùn lè já níhìn-ín kó tó já lọ́hùn-ún, bọ́ọ̀lù á wá máa yà sọ́tùn-ún, yà sósì. Kò sí bọ́ọ̀lù tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ bí eré rẹ̀ bá dé ìwọ̀n kan. Rabi Mehta àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní NASA Ames, ní California, yẹ Jabulani wò, wọ́n rí i pé ní nǹkan bí kìlómítà 70 sí 80 ní wákàtí kan ló ń dà bí ọ̀mùtí jù. Eré tí a fi ń gbá fíríkíìkì gan-an nìyẹn!

Ẹ rántí June 12, 2010. Vincent Enyeama dá Messi dúró léraléra, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ajẹntínà fi 1-0 borí wa. Ní June 17, ní Bloemfontein, Kalu Uche gbá fíríkíìkì láti òkèèrè, ó la àárín èrò kọjá wọlé. A fò sókè. Wọ́n lé Sani Kaita jáde, Gíríìsì dá góòlù náà padà. Lẹ́yìn náà ni bọ́ọ̀lù kan bọ́ lọ́wọ́ Enyeama, Torosidis sì gbá a wọlé, 2-1. Mi ò sọ pé bọ́ọ̀lù nìkan ló fà á. Ohun tí mò ń sọ ni pé nígbà tí Uche gbá a wọlé, a ò bi bọ́ọ̀lù léèrè nǹkan kan. Nígbà tó bọ́ lọ́wọ́ Enyeama, èèyàn la dá lẹ́bi.

Àwọn tó ń ṣe é gbọ́n lẹ́yìn náà. Brazuca ọdún 2014, awẹ́ 6 péré ló ní, síbẹ̀ ojú ìsopọ̀ rẹ̀ jìn jù, ó sì gùn ju mítà 3 lọ, nígbà tí ti Jabulani jẹ́ nǹkan bíi mítà 2. Iye awẹ́ kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Ojú ìsopọ̀ ni. A rò pé dídán ni ìlọsíwájú, àṣé àbùkù tí a fẹ́ pa rẹ́ yẹn ló ń mú bọ́ọ̀lù rìn tààrà.

Ọmọ ọjọ́sí ti di bàbá ọlọ́mọ. Nígbà tí mo délé kẹ́yìn, mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, «Bàbá, ẹ ò bá ti sọ fún wọn lọ́jọ́ náà.» Mi ò rí èsì fọ̀.