Ọ̀gá Ilé-ẹ̀kọ́ ní Ilẹ̀ Ìgbómìnà: Láti Ìdánwò Òmù dé Ètò 6-3-3-4

Ní 1937 ni ilé-iṣẹ́ Longmans tẹ ìwé J. D. Clarke jáde nípa ilé-ẹ̀kọ́ Òmù, ní ẹkùn Ìlọrin. Òṣìṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ lábẹ́ ìjọba amúnisìn ni Clarke. Ohun tí wọ́n dán wò ní Òmù bá ìwé tí ìjọba Ìlú Ọba gbé jáde ní 1925 mu, pé kí ẹ̀kọ́ ọmọ Áfíríkà bá ìgbé-ayé àti iṣẹ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ mu.

Èrò náà dára, ṣùgbọ́n orí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ni ìṣòro rẹ̀ já lé. Àgbẹ̀ tí ó yọ ọmọ kúrò lóko kò retí pé ọkọ́ ni wọn yóò tún gbé lé e lọ́wọ́. Iṣẹ́ akọ̀wé ni ojú rẹ̀ ń wò. Ọ̀gá ní láti jíṣẹ́ fún ìjọba, kí ó sì dá baba ọmọ lóhùn. (Àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀kọ́ ìgbà náà kò mọ sí kíláàsì: alábẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ C.M.S. ni ó ròyìn ère òkúta Ẹ̀sìẹ́ fún ayé òde ní 1933, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará Ẹ̀sìẹ́ ti ń bọ wọ́n tipẹ́. Clarke náà kọ̀wé lé wọn lórí ní 1938.)

Ààlà ìjọba ni ó dá ìṣòro kejì sílẹ̀, èyí tí ó burú jù. Ìlá-Ọ̀ràngún bọ́ sí Ìwọ̀-Oòrùn, Òmù-Àrán àti Ẹ̀sìẹ́ bọ́ sí Àríwá, bẹ́ẹ̀ Ìgbómìnà ni gbogbo wọn. Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ní January 1955, ọmọ Ìlá kò san owó ilé-ìwé mọ́. Ọ̀gá tí ó wà ní apá Òmù sì ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ìbátan wọn. Dídá tí wọ́n dá Kwara sílẹ̀ ní 27 May 1967 gbé ìjọba láti Kàdúná wá sí Ìlọrin, ṣùgbọ́n September 1976, nígbà tí ètò U.P.E. bẹ̀rẹ̀, ni ọ̀fẹ́ tó kárí.

Àwọn tí ó wọlé lọ́dún náà parí ní 1982, wọ́n sì ya dé ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ọdún yẹn gan-an ni ètò 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀, tí iṣẹ́ àgbẹ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́ tún gba àyè nínú ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní girama. Àríyànjiyàn Òmù ni ó padà wá. Clarke ní ilé-ẹ̀kọ́ kan láti tọ́jú. Èrò ni pírínsípà bá lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rọ tí ó sì fẹ́ iná mànàmáná àti olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n lò. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà, inú àpótí ni ẹ̀rọ náà wà. Òbí tí ó fẹ́ mọ ìdí rẹ̀ kò lè dé Èkó, níbi tí wọ́n ti ṣe ètò. Ọ́fíìsì pírínsípà ni ó ń lọ.