Eyín Mẹ́tàdínláàádóje: Láti Ẹ̀búté-Mẹ́ta dé Onírèké

Orí òṣùwọ̀n àwọn tó ń ra àjákù irin la ti bá ẹ̀rọ náà. Kílò ni wọ́n fẹ́ fi rà á, kí wọ́n sì kó o lọ síbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin. Àwa mẹ́ta tí iṣẹ́ wa ò ju ká jókòó ti kọ̀ǹpútà lọ la dáwó jọ, a san iye tí irin ara rẹ̀ tó, a sì gbé e wá sí ẹ̀yìnkùlé kan ní Onírèké.

Ẹ̀rọ lathe ni. Bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ rántí ẹ̀rọ kékeré tí àwọn ọlọ́sàn fi ń bó ọsàn létí títì: wọ́n ń fọwọ́ yí i, ọsàn ń pòyì, ọ̀bẹ ń bó o lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni lathe ń ṣe irin. Irin á máa pòyì, ọ̀bẹ tó le jù ú lọ á máa bó o, títí yóò fi di ṣáàfù, bóòtù tàbí búṣì.

Báwo ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wa? Ẹ jẹ́ ká sọ̀ kalẹ̀ láti Onírèké lọ sí Dùgbẹ̀, níbi tí ibùdókọ̀ rélùwéè àtijọ́ wà. Ọdún 1896 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà irin náà láti Èkó. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta, ọdún 1901, Gómìnà William MacGregor ṣí i dé Ìbàdàn, nǹkan bíi kìlómítà 193. Nígbà tó di 1912, ó ti dé Kánò. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú irin kì í ṣe ohun téèyàn ń rà tán tó ń gbàgbé. Ẹsẹ̀ irin rẹ̀ ń jẹ, ṣáàfù ń tẹ̀, páìpù ń jò. Bó bá jẹ́ ìlú òyìnbó ni wọ́n ti ń retí gbogbo ohun tó bá kán, ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni ẹrù á fi wà lórí omi, ọkọ̀ á sì dúró. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ́ ilé iṣẹ́ ńlá sí Ẹ̀búté-Mẹ́ta, tí wọ́n sì kó àwọn ẹ̀rọ tó ń gé irin, tó ń lu irin, sínú rẹ̀.

Kì í ṣe pé a ò mọ irin tẹ́lẹ̀ o. Ní 1904, òyìnbó kan tó ń jẹ́ C. V. Bellamy, òṣìṣẹ́ ìjọba ní Èkó, kọ̀wé nípa bí àwọn èèyàn wa ṣe ń yọ́ irin láti inú òkúta ní abúlé kan lágbègbè Ọ̀yọ́. Irin òkèèrè tó ń wọlé lọ́pọ̀ yanturu ló pa iná ìyọ́rin wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àgbẹ̀dẹ ò kú ní tiẹ̀. Àjákù ni àwọn alágbẹ̀dẹ yí ojú sí: sípíríìnì mọ́tò di àdá, irin rélùwéè di ohun tí wọ́n ń lu irin lé lórí. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ẹni tó ń sọ àkísà irin di ohun èlò, iṣẹ́ baba ńlá rẹ̀ ló ń ṣe.

Ilé iṣẹ́ Ẹ̀búté-Mẹ́ta di ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wọ ibẹ̀ bí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, wọ́n jáde bí ọ̀gá. Ẹni tó bá mọ ẹ̀rọ, ó mọ iye tí ọwọ́ òun tó. Michael Imoudu, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè, wà lára wọn. Ìjọba lé e kúrò ní Èkó ní 1943, ó padà dé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà 1945. Nígbà yẹn, ogun àgbáyé ti gbé owó ọjà lọ sókè, owó oṣù sì dúró sójú kan. Kí oṣù yẹn tó parí, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba da iṣẹ́ sílẹ̀, ti rélùwéè wà níwájú. Ìyanṣẹ́lódì náà tó ọjọ́ 44.

Ìjọba tiwa náà gbìyànjú. Ní ọwọ́ ọdún 1980 ni wọ́n dá Nigeria Machine Tools sílẹ̀ ní Òṣogbo, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ HMT ti Íńdíà, kí a lè máa ṣe irú lathe bẹ́ẹ̀ fúnra wa. Nígbà tó yá, wọ́n tà á fún aládàáni. Rélùwéè ní tiẹ̀ kéde ní 1988 pé gbèsè ti wọ òun lọ́rùn, ọkọ̀ sì dúró fún oṣù mẹ́fà. Láti 2021 ni ọ̀nà irin tuntun ti ń kó èrò láti Èkó dé Mọníyà. Àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ ńkọ́? Ẹ ti gbọ́ ibi tí a ti bá tiwa.

A rò pé kẹrosíìnì àti agbára lásán la nílò. A ti gbé ẹ̀rọ tí àwọn wẹ́dà fi ń họ irin lọ́wọ́, ká fi họ ojú irin gígùn tí ọ̀bẹ ń rìn lórí rẹ̀, nígbà tí bàbá kan tó kọ́ṣẹ́ ní Ẹ̀búté-Mẹ́ta, tó ti fẹ̀yìn tì, pariwo mọ́ wa.

“Ẹ dúró! Ibẹ̀ ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá họ ibẹ̀, gbogbo ohun tó bá gé ló máa wọ́.”

Òróró àti àkísà ni bàbá ní ká fi nù ún, díẹ̀díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi nù ún.

Ohun kejì ni ti bóòtù. A ra tuntun ní Gate, ó wọlé ní ìlọ́po méjì, ó kọ̀. A fẹ́ fi sípánà fipá mú un.

“Ẹ má fipá mú un. Èdè wọn ò dọ́gba.”

Òótọ́ ni. Ní 1841, Joseph Whitworth, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, gbé òṣùwọ̀n kan kalẹ̀ fún ojú bóòtù, kí gbogbo ilé iṣẹ́ lè máa ṣe ohun kan náà. Íǹṣì ló fi wọ̀n ọ́n, igun eyín bóòtù rẹ̀ sì jẹ́ dígírì 55. Bóòtù tó kún ọjà wa lónìí, mìlímítà ni, igun tiẹ̀ jẹ́ 60.

A bi bàbá bóyá ẹ̀rọ oníǹṣì ṣì lè gé bóòtù onímìlímítà. Kò dá wa lóhùn. Ó ní ká gbé agolo àwọn jíà tó bá ẹ̀rọ náà wá, èyí tí a ti yà sọ́tọ̀ láti tà ní kọ̀ndẹ́mù. Ó fa èyí tó tóbi jù yọ. Eyín 127 ló ní. Àwa tí a ka kọ̀ǹpútà ní yunifásítì jókòó, a ń ṣírò. Íǹṣì kan jẹ́ mìlímítà 25.4 géérégé. Ìlọ́po márùn-ún rẹ̀ jẹ́ 127, iye tí nọ́ńbà kankan yàtọ̀ sí 1 àti òun fúnra rẹ̀ kò lè pín dọ́gba, nítorí náà jíà kékeré kan ò lè dípò rẹ̀. Jíà yẹn ni ògbufọ̀ láàárín èdè méjèèjì. Díẹ̀ ló kù ká tà á ní kílò.

Láti ìgbà yẹn la ti ń kọ gbogbo ohun tí bàbá bá sọ sílẹ̀, nítorí kò ní ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kankan mọ́. Irin tó dógùn-ún ṣeé nù. Ohun tó wà lórí bàbá, kò sí àjákù rẹ̀ lọ́jà.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ náà ṣe ni búṣì fún ẹ̀rọ ìlọta ìyá kan ládùúgbò. Ọmọ mẹkáníìkì kan tó bá a gbé e wá ti ń wá lọ́jọọjọ́ Sátidé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bàbá gbé jíà ńlá lé e lọ́wọ́, ó ní kó ka eyín rẹ̀. Ọmọ náà kà á, ó ní 126.

Bàbá ní, “Tún un kà.”